Dùùrù Tó Lé Àwọn Obìnrin Wọlé

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin ní Ìfọ̀nyìn, láyé ìjọba rẹfolúṣọ̀n, tó ní ká pa àṣà àtijọ́ tì, tí gbogbo èèyàn di kòmárádì, kò sí ọmọ tó ń fi bàbá rẹ̀ yangàn tó èmi. Mẹ́tìrì ni bàbá mi, olùkọ́ ilé ìwé. Bó bá dìde ní ìpàdé, a máa bá àwọn àgbà wí pé kí wọ́n fi ohun àtijọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ bí ìyangàn yẹn ṣe di ìtìjú.

Bàbá mi ní kí káfíńtà kan ní ìlú Daagbé kan báfù méjì fún òun, àpótí tí ohùn orin ń gbà jáde. Bátìrì mọ́tò la fi ń lò ó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ohùn ìsàlẹ̀ wọn dáa, ló bá ń ṣa àwo orin bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Èyí tí èrò pọ̀ nínú rẹ̀, ariwo ti bò ó. Èyí tó jẹ́ gìtá nìkan, kò nísàlẹ̀. Níkẹyìn, ó mú àwo dùùrù ńlá ti ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí ohùn kan ṣoṣo máa ń kùn nínú rẹ̀ bí ẹni pé kò ní tán. Láàárín yàrá, kò dún tó. Lẹ́bàá ògiri, ó sàn díẹ̀. Ìgbà tí a sún báfù wọ kọ̀rọ̀, lábẹ́ fèrèsé, àwọn ife orí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bàbá mi pàtẹ́wọ́.

Àṣé ìta ti dá páropáro. Ẹ mọ̀ pé bí Orò bá ké, obìnrin kì í yọjú. Àwọn obìnrin àdúgbò gbọ́ ohùn yẹn, wọ́n ní Orò ti dé. Gàrí ń jóná nínú agbada, kò sí ẹni tó ń yan án. Ìyá bàbá mi, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa, ṣubú lẹ́nu ọ̀nà, ó rá wọlé.

Bàbá mi bọ́ síta, ó ń pariwo, "Àwo orin ni o! Ẹ jáde!" Ta ni yóò gbà á gbọ́? Wọ́n ní àfi kí àgbà Orò fúnra rẹ̀ wá. Ó dé, ó ní kí a tún gbé àwo náà sí i, kó rọra dún, ó sì tẹ́tí sí i.

"Mẹ́tìrì, ohùn yìí dáa," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ lé wọn wọlé. Ẹ̀yin náà lẹ ó bẹ̀ wọ́n jáde, láti ilé dé ilé."

Bàbá mi ń dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń wò ó. Mo ń tẹ̀ lé e, ojú gbà mí tì.

Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ la dé gbẹ̀yìn. Ìgbọ̀nwọ́ ìyá àgbà ti bó. Kò bá a wí. Ó ń wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Wọn ò tíì mú ẹ lọ?" ó ní. "Mo rò pé nítorí ọ̀rọ̀ tó o sọ sáwọn àgbà ní ìpàdé ni Orò ṣe jáde. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo wà tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí ẹ."

Bàbá mi dojú bolẹ̀, kò lè dìde.

Lóde òní, báfù tó ga ju èèyàn lọ ni wọ́n ń tò síbi òkú, ògiri ń mì, arúgbó kò rí oorun sùn. Kò sí ẹni tó ń lọ bẹ aládùúgbò. Ọ̀làjú ni wọ́n ń pè é. Èmi ti di ìyá àgbà, ṣùgbọ́n bí mo bá rántí bàbá mi nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ojú ṣì ń tì mí, n kò sì fẹ́ kí ìtìjú náà kúrò lára mi.