Ọmọ Tí A Bí Pẹ̀lú Ewú

Nígbà tí agbẹ̀bí gbé Li Suiliang sókè tí ó wo orí rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó jù ú sílẹ̀. Irun ọmọ náà funfun bí òwú. Bó bá jẹ́ ibòmíràn ni wọ́n bí i sí, wọn ì bá ní àfín ni, wọn ì bá wá fìlà fún un nítorí oòrùn, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n abúlé Lao Zi, ọlọ́gbọ́n ayé àtijọ́ tí wọ́n ń bọ, ni ó bọ́ sí. Gbogbo wọn níbẹ̀ ló gbà pé lábẹ́ igi eléso tó wà lẹ́yìn tẹ́ḿpìlì wọn ni ìyá Lao Zi bí i sí lẹ́yìn oyún ọlọ́pọ̀ ọdún, àti pé ewú ni ọmọ náà fi wáyé. Wọ́n sì mọ bó ṣe lọ. Ọ̀rọ̀ ayé sú u, ó gun ẹfọ̀n, ó kọrí sí ìwọ̀-oòrùn, ó kọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n díẹ̀ sílẹ̀ fún aṣọ́bodè tó bẹ̀ ẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì rí i mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí Suiliang dé, kò sẹ́ni tó tún bi ara rẹ̀ léèrè ohunkóhun. Bàbá Àgbà ti padà wá. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní abúlé yìí, ọmọ tuntun gan-an ni wọ́n sọ di àgbà.

Ìyá rẹ̀, opó kan tí wọ́n ń fi orúkọ ìdílé bàbá rẹ̀ pè ní Ìyá Geng, mọ̀ pé irọ́ ni. Àbúrò ìyá tirẹ̀ ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, ọmọ náà dàgbà, ó gbéyàwó, ó ń ta wàrà sóyà jẹun. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ míì wọ̀ ọ́. Àwọn tó ń wá wo ọmọ kì í wá lọ́wọ́ òfo; wọ́n ń gbé ẹyin wá, wọ́n ń gbé ìyẹ̀fun àlìkámà àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wá. Ìyá Geng gbé ẹyin náà sórí iná, ó sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Báyìí ni Suiliang ṣe dàgbà nínú tẹ́ḿpìlì. Kò gbọdọ̀ sáré, nítorí àgbà kì í sáré. Kò gbọdọ̀ gun igi. Ó ń jókòó nínú òkùnkùn tùràrí láti àárọ̀ títí di alẹ́, àwọn àlejò ń fọwọ́ pa irun rẹ̀ lórí kí oríire lè kàn wọ́n. Bian Erwa, ọmọ aṣọ́bodè abúlé náà, nìkan ló máa ń yọ́ wọlé wá bá a ṣe yẹ̀yẹ́.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rántí ìgbà tí wọ́n dá ayé?”

“Mo rántí dáadáa. Ibẹ̀ lo ti jí ẹ̀pà mi.”

Odi amọ̀ yí abúlé náà ká nítorí àwọn ọlọ́ṣà, ẹnubodè rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, ìwọ̀-oòrùn ló sì kọjú sí. Èèwọ̀ ni kí Suiliang gba ibẹ̀ jáde. Bó bá tún lọ bó ṣe lọ nígbà ìwáṣẹ̀, òjò àti ire yóò tẹ̀ lé e lọ.

Nígbà tó di géńdé, Hemiao dé, ọmọbìnrin ahunẹní kan láti òdì kejì odò. Kò fọwọ́ kan irun rẹ̀. Ó béèrè bóyá oòrùn máa ń ta á lójú, nígbà tó sì tún wá, ó mú akẹtẹ̀ tó fúnra rẹ̀ hun fún un wá. Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára. Ó ní kí Suiliang jáde wá.

“Tí ilẹ̀ bá mọ́, màá dúró lábẹ́ igi tó wà níta ẹnubodè. Tí o bá jáde, ìyàwó ẹ ni mí. Tí o ò bá jáde, mi ò ní bínú, àmọ́ mi ò ní dúró lẹ́ẹ̀kejì.”

Suiliang dé akẹtẹ̀ náà, ó lọ. Bàbá Erwa rí i, ó sì lu agogo. Gbogbo abúlé tú jáde. Wọn kò nà án, wọn kò sì dì í mú. Bí wọ́n bá dì í mú ni, ì bá bá wọn jà. Ńṣe ni wọ́n kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀ láti ògiri dé ògiri, àwọn arúgbó pẹ̀lú, ìyá rẹ̀ sì ni ó wà níwájú.

“Ìyá, ẹ dìde, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi.”

Ìyá Geng fà á láṣọ kó lè tẹ̀ba, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. “Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́ ni Bàbá Àgbà. Padà bẹ́ẹ̀ náà, ọmọ mi.”

Ó rí Hemiao lábẹ́ igi lókèèrè. Láti dé ibẹ̀, yóò ní láti gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí ìyá tó bí i. Ó padà, ọkàn rẹ̀ sì gbọgbẹ́ tí kò jinná. Kí ọdún tó parí, Hemiao ti lọ sílé ọkọ mìíràn.

Ìyá Geng kú. Bàbá Erwa kú, Erwa gba ipò rẹ̀ lẹ́nu bodè. Ewú logbó, ewú sì dé sórí gbogbo ẹgbẹ́ wọn. Lọ́jọ́ kan, obìnrin àlejò kan bá àwọn bàbá tí wọ́n ń yáàrùn níwájú tẹ́ḿpìlì, ó pa irun Erwa lórí bí ẹni pé òun ni Bàbá Àgbà, ó gbé ẹyin síwájú rẹ̀, ó sì wúre lọ. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Suiliang náà rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ kan irun tirẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé akẹtẹ̀ àtijọ́ náà, ó kọrí sí ẹnubodè. Erwa jókòó síbẹ̀, ó ń pa ẹ̀pà sínú agogo tó dojú rẹ̀ sókè.

“Bàbá, ibo nìyẹn?”

“Mò ń jáde.”

“Ó dáa. Tí o bá ń bọ̀, bá mi ra àlùbọ́sà eléwé.”

Suiliang jáde. Ó dúró, ó ń retí agogo. Ó bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹnìkan kúnlẹ̀. Èèpo ẹ̀pà ni Erwa ń fẹ́ dànù. Ó dé abẹ́ igi Hemiao, ó jókòó, ó sì sunkún bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sọ́jà. Ọ̀nà là sílẹ̀ níwájú rẹ̀ gbọọrọ, ṣùgbọ́n kò mọ ilé ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà náà.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Erwa rí i tó ń bọ̀, ìdì àlùbọ́sà wà lábẹ́ abíyá rẹ̀.

“O mà pẹ́ o.”

“Mo pẹ́,” ni Suiliang wí. Ó gbé àlùbọ́sà náà fún un, ó sì wọlé.