Bútà Inú Fíìmù Ṣáínà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ẹdẹ, ọmọ tí kò bá mọ ìjà Ṣáínà jà kò lè bá wa ṣeré. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Bí a bá ti bó gbágùúdá tán lẹ́yìnkùlé, igi rẹ̀ á di idà, a ó sì máa fò lórí òkìtì iyanrìn bíi tata. Ọjọ́ tí mo fẹsẹ̀ gbá ìkòkò omi fọ́, mo kúnlẹ̀, mo nawọ́ sókè títí apá mi fi ń gbọ̀n. Màmá mi ní, "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ta lo fẹ́ bá jà gan-an?"

Bọ̀ọ̀dá Ràbíù, àbúrò bàbá mi tó ń ṣiṣẹ́ rewáyà iná ọkọ̀, ló ń yá kásẹ́ẹ̀tì wá fún wa. Ọ̀gá kan wà tó ń ṣe fíìmù wọ̀nyẹn. A ò lè pe orúkọ rẹ̀, la bá sọ ọ́ ní Bàbá Onífìlà, torí àwòrán rẹ̀ máa ń wà lẹ́yìn páálí, tòun ti fìlà. Bí a bá ti rí fìlà yẹn, ọkàn wa á balẹ̀, kò já wa kulẹ̀ rí.

Lọ́dún tí Bàbá àgbà kú, Ìyá àgbà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ṣe opó tán, síbẹ̀ wọn ò tújúká. Ẹ̀kọ àti àkàrà gbígbóná tí wọ́n fẹ́ràn, wọ́n á kàn fọwọ́ bà á, wọ́n á ní ká gbé e fáwọn ọmọ. Àwa là ń jẹ ẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á tẹ̀ lé ọkọ wọn lọ. Bọ̀ọ̀dá Ràbíù ní ká fọkàn balẹ̀, Bàbá Onífìlà ti ṣe tuntun, ti aláwàdà sì ni. "Bí èyí ò bá pa màmá mi lẹ́rìn-ín, ẹ má pè mí ní Ràbíù mọ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, a gbé àga Ìyá àgbà síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ jẹ́ n sòótọ́, fíìmù náà ò dùn. Akọni inú rẹ̀, tí à ń pè ní Ákítọ̀, tó yẹ kó máa na gbogbo ayé, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń yọ̀ ọ́ ṣubú. Ìjà tí a retí ò dé, ẹ̀rín náà ò dé. Bọ̀ọ̀dá Ràbíù nìkan ló ń fi tipátipá rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń yọ́jú wo màmá wọn. Ojú Ìyá àgbà le koko.

Ìgbà tó yá ni arúgbó méjì onírùngbọ̀n funfun yọ, tí wọ́n ń jà sí ìkòkò tíì kan. Ìyá àgbà rí ẹnu ìkòkò náà tó gùn, wọ́n nàró lórí àga.

"Bútà nìyẹn," wọ́n ní. "Ẹ wo ààfáà méjì tó ń jà sí bútà. Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣe àlùwàlá, ìrun ń lọ o."

A wojú ara wa. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé Bàbá àgbà kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan bútà wọn. Bí wọ́n bá wá a tì láàárọ̀, gbogbo àdúgbò ni yóò jí.

"Bàbá yín gan-an nìyí," Ìyá àgbà ní. "Wọ́n dé Ṣáínà, wọn ò gbàgbé bútà."

Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn, inú mi sì dùn débi pé èmi náà sunkún. Nígbà tí wọ́n nujú tán, wọ́n bèèrè ẹni tó jẹ àkàrà àwọn.

Lóde òní, orí fóònù lọmọ kálukú ti ń wo tirẹ̀ ní kọ̀rọ̀, bí kò bá dùn, á yí i kúrò. Àwa nígbà náà, bó dùn bó korò, a jọ ń wò ó parí ni. Láìpẹ́ yìí mo rí fíìmù yẹn, mo pe àwọn ọmọ mi jókòó tì í. Kò tíì dùn síbẹ̀. Wọ́n ti ń yán. Bó ṣe kan àwọn arúgbó onírùngbọ̀n, àbígbẹ̀yìn mi, tí kò bá Ìyá àgbà láyé, fò dìde, ó ní, "Ẹ ṣe àlùwàlá, ìrun ń lọ o."

Mi ò sọ ìtàn yìí fún un rí. Ohun tí mo máa ń wí láràárọ̀ nìyẹn bí àwọn ọmọ mi bá ń jà sí bútà, èmi gan-an ò sì mọ̀ pé ohùn Ìyá àgbà ni mo fi ń wí i.