Ọ̀rọ̀ Lincoln Lẹ́nu Verlin Onígbàjámọ̀

Dọ́là mọ́kànlélógójì ni ìgbìmọ̀ wa ná sórí Ọjọ́ Ìrántí Àwọn Ológun lọ́dún 1969: àsíá kéékèèké, kọfí, àti owó ọkọ̀ afunpè. Ọ̀rọ̀ Lincoln nìkan ni kò ná wa ní nǹkan kan. Verlin Hasbrouck onígbàjámọ̀ ló ń sọ ọ́, ọ̀fẹ́ ló sì fi ń sọ ọ́ láti ọdún mẹ́tàlélógún.

Ọ̀rọ̀ kúkúrú tí Lincoln, Ààrẹ wa ayé àtijọ́, sọ ní itẹ́ òkú àwọn ọmọ ogun ni, nígbà tí Àríwá àti Gúúsù ilẹ̀ wa ń bá ara wọn jà. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ní Pell Grove wa níbí, ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń sọ ọ́ láìwo ìwé, títí yóò fi kú tàbí tí ohùn ẹ̀ yóò fi lọ. Verlin gbà á lọ́wọ́ olùkọ́ wa àtijọ́ nígbà tó ti ojú ogun Hítílà dé. Bó bá ń gẹ irun fún ẹ, ó ń kùn ún lé ẹ lórí.

Èmi tí mo ń ta pákó máa ń sọ fún un pé, "Verlin, irun ni mo ní kí o gẹ̀, mi ò sanwó ìwàásù."

Á ní, "Onípákó, jókòó jẹ́ẹ́. Orí ẹ tó le yìí, bóyá á wọ̀ ọ́ lónìí."

Ní oṣù kejì ọdún yẹn, wọ́n pa Dale, ọmọ kan ṣoṣo tí Verlin bí, lójú ogun ní Vietnam. Ọmọ ogún ọdún. Itẹ́ òkú wa níbí, tí a ti ń ṣe ayẹyẹ yìí, la sin ín sí.

Nígbà tí ayẹyẹ ku ọ̀sẹ̀ kan, mo lọ sílé ẹ̀ láti bi í bóyá ká wá ẹlòmíì. Lorna ìyàwó ẹ̀ ló kọ́kọ́ dáhùn.

"Ẹ wá ẹlòmíì, Emmett. Tó bá dé ibi tí wọ́n ti ń ní ikú àwọn tó kú sógun ò ní já sí asán yẹn, tó sọ ọ́ lórí ọmọ mi, kó má padà wálé wá jẹun."

"Lorna, Lincoln ò sọ pé kò já sí asán," ni Verlin wí. "Ó ní kí àwa tó wà láàyè rí i pé kò já sí asán. Iṣẹ́ ló gbé lé wa lọ́wọ́."

"Ta ló wá ṣe iṣẹ́ ọ̀hún? Ìwọ? Àbí Emmett, tó fi ọmọ tiẹ̀ pamọ́ sí yunifásítì kí wọ́n má bàa fipá mú un lọ sógun?"

Fìlà ọwọ́ mi ni mo ń wò. Èmi ni mo san owó ilé ìwé náà, mo sì mọ ohun tí mo ń rà.

Verlin ní, "Èmi náà ni màá sọ ọ́."

Lọ́jọ́ ayẹyẹ náà, a tó igba èèyàn. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ètè wa ń bá a lọ bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún. Nígbà tó dé ibi gbólóhùn yẹn, ó dákẹ́. Clyde afunpè rò pé ó gbàgbé ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ọ sọ fún un.

"Mi ò gbàgbé, Clyde. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń bá yín sọ ọ́ bíi pé oríkì ni. Ìlérí ni. Mi ò lè ṣe é lórúkọ ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́."

Ìyá Kessler, tí ọmọ tiẹ̀ kú sógun Korea, ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Àwọn mélòó kan tẹ̀lé e. Mo kà wọ́n: mọ́kànlá péré. Mo lanu, mo tún pa á dé.

Verlin wo àwa tá a dákẹ́, lójú, lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló parí ìyókù. Lorna di apá ẹ̀ mú, wọ́n lọ sílé.

Ó ti pé ọdún mẹ́fà báyìí. Ọmọ mi ti jáde ní yunifásítì, èmi àti ẹ̀ la jọ ń ta pákó. Mi ò tíì sọ gbólóhùn yẹn.