Àna Òyìnbó Tó Wá Fẹ̀yìn Tì sí Ìsàlẹ̀ Ilé Mi

Òórùn ìpara ni mo fi ń dá ọdún náà mọ̀, ìpara funfun kan tó nípọn bí òrí, tí àna mi òyìnbó máa ń kùn sójú, sétí àti sọ́rùn kí oòrùn má baà jó o bí ó bá ń jáde lọ ra búrẹ́dì ní Bódìjà. Àwọn ará àdúgbò rò pé kò mọ bí a ti ń ṣan ọṣẹ kúrò lójú ni. Bàbá ọkọ ọmọ mi ni. Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo ló fẹ́ òyìnbó nílùú wọn lọ́hùn-ún. Ìyàwó bàbá yìí ti kú, òtútù ń bá a fínra, ó sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba kan tó jẹ́ pé òjò ni wọ́n ń wọ̀n níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fẹ̀yìn tì sí etí òkun. Òun ní Ìbàdàn ni òun ń lọ. Ìgbà tí àwọn ọmọ wa ń tò láti gba físà jáde ni òun tò láti gba físà wọlé. Ọmọ mi pè mí lórí fóònù, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ìsàlẹ̀ ilé yín ṣì ṣófo?"

Ó ṣófo, òfo rẹ̀ gan-an sì ni ìjà wa. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni àbúrò rẹ̀ obìnrin, opó bíi tèmi tó ń ta kọ́tìnì ní Dùgbẹ̀, ti fojú sí ìsàlẹ̀ ilé náà. Ó ní òun kò lè máa háyà ilé ní Challenge kí ilé ẹ̀gbọ́n òun máa ṣófo ní Bódìjà. Mo sọ fún un pé ayálégbé ń bọ̀. Ó ní, "Ìyàwó, ayálégbé rẹ yìí, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀ láti Sókótó ni?" Nítorí náà, nígbà tí ọmọ mi pè, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kì í ṣe ìfẹ́ àna ló mú mi gba bàbá náà sílé. Mo mọ̀ pé ọjọ́ tí òyìnbó bá kó jáde ni obìnrin yẹn yóò kó wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín. Nígbà tí mo wọ ilé wọn ní ìyàwó, mo ti gboyè jáde ní yunifásítì, òun kò sì tíì ga tó tábìlì. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé kò gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹnikẹ́ni tó bá nílé ọkọ, ì báà jẹ́ ọmọ tó ń rá. Orúkọ àpọ́nlé ni yóò fún un. Eyínfúnjowó ni mo sọ ọ́, nítorí n kò rí nǹkan mìíràn yìn lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Láràárọ̀ ni mò ń kúnlẹ̀ kí ọmọ tí mò ń bá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Lónìí eyín iwájú rẹ̀ ti lọ, mo ṣì ń pè é ní Eyínfúnjowó. Níbi ìsìnkú ọkọ mi, bí mo ti ń nu ojú, ó pariwo fún gbogbo èrò pé, "Ẹ wo Ìyàwó, ẹkún alákọ̀wé ló ń sun!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Mo mọ gbogbo wọn.

Iṣẹ́ mi wá di kí n rí i pé ìlú wa bá òyìnbó náà lára mu. Kò rọrùn. Nígbà àkọ́kọ́ tí iná mọ̀nàmọ́ná dé, tí gbogbo àdúgbò hó yèè, òun náà hó, ó sì sáré gòkè wá bi mí pé ta ló gbá bọ́ọ̀lù náà wọlé. Ó lọ sí ìpàdé àwọn onílé ní agogo tí wọ́n kọ sára ìwé. Òun nìkan ló jókòó títí ọ̀sán fi pọ́n, nígbà tí àwọn yòókù sì dé, wọ́n fi í ṣe alága nítorí pé òun ni wọ́n bá níbẹ̀. Ìfẹ̀yìntì mi ni mò ń fi tọ́jú ìfẹ̀yìntì tirẹ̀. Mo kọ́ ọ bí a ti ń kí ẹni tó ń jẹun, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tó kàn jókòó. Mo tún sọ fún un pé lọ́dọ̀ wa, ẹbí ọkọ ni í dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí ìyàwó. Òótọ́ ni mo sọ. Pé ọjọ́ ìdána ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, tí ó sì jẹ́ pé àwọn géńdé ló ń nà gbọọrọ, èyí kò jáde lẹ́nu mi. Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà.

Láti ọjọ́ náà, bàbá arúgbó ń dọ̀bálẹ̀ fún mi ní gbogbo òwúrọ̀ lórí fàráńdà, ìpara rẹ̀ a sì máa fi ojú funfun kan sílẹ̀ lórí táìlì. Mo gbádùn rẹ̀, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìròyìn tàn dé Agbówó. Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi di ẹbí ìyàwó. Mẹkáníìkì ní òun ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó, ẹni tó ń ta káàdì fóònù ní òun ni àǹtí ìyàwó, òyìnbó sì ń dọ̀bálẹ̀ fún wọn lójú títì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń ya fọ́tò. Mo bá a wí. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa sọ pé òun rí i fín.

Ọjọ́ ìsinmi kan ni Eyínfúnjowó wá wò ó bóyá òyìnbó ti fẹ́ máa lọ. Òyìnbó bi mí pé ta ni. Mo ní àbúrò ọkọ mi ni. Ó dúró, ó ṣírò rẹ̀ bí ẹni ń ṣírò òjò: àbúrò bàbá ìyàwó! Ló bá na gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀. Àwọn ọkùnrin nìkan ni obìnrin yìí bí. Kò sí àna tó dọ̀bálẹ̀ fún un rí láyé. Ó gbé ọwọ́ lé àyà. Ó ní, "Háà! Ẹ dìde, àna àtàtà. Ẹ dìde kí ẹ̀yìn má ro yín." Ohùn tó fi sọ ọ́, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ó padà wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú tẹ́ẹ̀pù, ó ń wọn fèrèsé ìsàlẹ̀. Mo rò pé ó ti ń wọn ilé tí yóò kó sí. Mo ní, "Ẹ má wọn fèrèsé mi o." Ó ní, "Ìyàwó, ṣé ojú fèrèsé ló ń dùn ọ́, àbí ojú tìrẹ?" Ẹ̀rù bà mí pé yóò fi ìjà lé òyìnbó lọ, ni mo bá lọ ń yìn ín létí òyìnbó kó má baà sá. Mo ní aláàánú ni. Mo ní ó mọ ọbẹ̀ sè. Mo ní bó ti ń jágbe yẹn, inú rẹ̀ mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn. Àwọn àgbà ní bí o bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, má gbẹ́ ẹ jìn. Èmi gbẹ́ tèmi títí omi fi sun níbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ kan, òyìnbó gòkè wá pẹ̀lú agbádá tí wọ́n rán gùn jù, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì fi Yorùbá sọ gbólóhùn ìdána tó ti kọ́ sórí: "Ẹ̀yin ẹbí, mo rí òdòdó kan nínú ọgbà yín, mo fẹ́ já a." Mo tún ìró mi dì. Mo ń wá ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ tí n ó fi sọ fún un pé èèwọ̀ ni, pé ìyá ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni mí, pé kó má bínú kó ẹrù rẹ̀ lọ. Mo ti la ẹnu kí ó tó wí pé Eyínfúnjowó ni òdòdó náà.

Àwọn àgbà ẹbí ọkọ mi wá sí Bódìjà láti jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí. Pé kí wọ́n fẹ́ra wọn kò jọ wọ́n lójú. Wọ́n ní kò sí nínú àṣà, kò sì sẹ́ni tó ní kó má sí. Ìkúnlẹ̀ ló dá wọn dúró. Olórí ẹbí ní, "Ìyàwó, ọmọ ilé ló jẹ́ sí ọ. Ìwọ ni o ó máa kúnlẹ̀ fún un." Mo ní, "Bàbá, ìyàwó àna mi ni wọ́n ń di yìí. Ẹbí ọkọ ọmọ mi ni wọ́n ń bọ́ sí. Àwọn ni yóò kúnlẹ̀ fún mi." Bàbá kan tó ti ń tòògbé ní igun ló lanu pé, "Kí wọ́n jọ kúnlẹ̀." Gbogbo wọn ní ó parí, wọ́n sì bèèrè oúnjẹ.

Wọ́n ṣègbéyàwó, Eyínfúnjowó kó wá sí ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a sì ṣe. Láràárọ̀, nídìí àtẹ̀gùn, a óò jọ kúnlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ dìde ni a óò pè ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Òyìnbó a rí wa, a ní òun kò gbọ́dọ̀ wà ní ìdúró kí àwọn àgbà wà nílẹ̀, a sì dọ̀bálẹ̀ sáàárín wa. Ní ọjọ́ kan ni ẹni tó ń gbé gáàsì wá bá wa bẹ́ẹ̀. Ó gbé sílíńdà kalẹ̀, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Kí ló sọnù?" Òun náà bá kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ wá a kiri abẹ́ àga.

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Ìsàlẹ̀ ilé ti di ti Eyínfúnjowó, kọ́tìnì olómi wúrà ló sì ta sí gbogbo fèrèsé; èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi mú un wọlé. N kò dárí jì í. Òyìnbó ti lọ wo ọmọ tuntun tí ọmọ mi bí, yóò pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, àwa méjèèjì la sì kù nílé. Lówùúrọ̀ òní, mo gbọ́ tó wúkọ́ nísàlẹ̀, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì dákẹ́. Mo dìde. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn, mo di irin rẹ̀ mú, mo tẹ́tí sílẹ̀ títí tó fi tún wúkọ́. Lẹ́yìn náà ni mo padà lọ jókòó, mo sì ń ráhùn sí ara mi pé ariwo obìnrin yìí ti pọ̀ jù nínú ilé mi.