Télọ̀ Tó Ń Wọn Èèyàn Lójú Oorun

Ìyàwó télọ̀ kì í fẹ̀dọ̀ lérí òróòro sùn mọ́. Bí oorun bá ti wọ ọkọ rẹ̀ lára tán, ọkùnrin náà á dìde, á lajú kalẹ̀, á sì máa wá sísọ́ọ̀sì kiri ilé. Ìyá ọkọ ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n lọ bá ní rárá o, iṣẹ́ àṣekúdórógbó ló ń fà á.

"Ẹ kó ohun mímú pamọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ má sì jí i lójijì. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ fi dá a padà sórí bẹ́ẹ̀dì."

Ohùn pẹ̀lẹ́ kẹ̀! Télọ̀ kò dáhùn "bàálé mi", kò dáhùn "olówó orí mi". Nígbà tó di òru ọjọ́ kan tó fi téèpù kọ́rùn, tó ń wọn ògiri, inú bí ìyàwó. Ó lọ dúró gbagidi síwájú rẹ̀.

"Ẹ wọ̀n mí jàre, oníbàárà ni mí."

Kíá, ọkọ wọn èjìká, ó wọn ìbàdí.

"Ìgbà wo ni kí n wá?"

"Ẹ wá gbà á lọ́la." Ló bá yísẹ̀ padà, ó lọ dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́.

Bí wọ́n ṣe rí oògùn rẹ̀ nìyẹn. Àṣé oorun kì í kun irọ́ télọ̀!

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó mú aṣọ tó ti fún ọkọ rẹ̀ rán láti ọdún tí wọ́n fẹ́ra, ó gbé e lé orí máṣíìnì.

"Ẹ rán an. Ẹ ti wọ̀n mí tó."

Télọ̀ wo aṣọ, ó wo ìyàwó. Ojú rẹ̀ là kedere, kò sí oorun níbẹ̀ rárá.

"Ẹ wá gbà á lọ́la," ló wí.