Fọ́tò Kan Ṣoṣo Tí Ìyá Àgbà Yà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìlọrin, fọ́tò kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń yà bí ó bá ṣe ń rìn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò yóò wẹ̀, yóò para, yóò wọ aṣọ tó dára jù lọ nínú àpótí rẹ̀, yóò sì lọ jókòó níwájú onífọ́tò bí ẹni tó wá jẹ́jọ́. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí máa ń wo fọ́tò àwọn òbí yín, ẹ ó ní, "Kí ló ń bí wọn nínú tó báyìí?" Kò sí ohun tó ń bí wọn nínú. Fíìmù wọ́n. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín lè mi orí, bí orí bá sì mì, ojú á di méjì. Ìdí nìyẹn tí ojú wọn fi le koko.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fíìmù náà díẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín kò rí i rí. Ó dà bí tẹ́ẹ̀pù pẹlẹbẹ tí wọ́n ká sínú agolo kékeré. Inú kámẹ́rà ni yóò wà títí wọn yóò fi yà á tán, lẹ́yìn náà ni wọn yóò lọ fọ̀ ọ́ kí àwòrán tó jáde. Kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà lórí rẹ̀, àní onífọ́tò gan-an kò mọ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá sì kàn án, ó ti jó nìyẹn. Gbogbo ojú tó wà níbẹ̀ ti parẹ́.

Ìyá mi kú kí n tó mọ ìrìn. Ọmọ àgbẹ̀ ni, láti abúlé kan lẹ́yìn Ìlọrin, kò sì pẹ́ nílé bàbá mi, ní agboolé wa nítòsí Ọjà-Ọba, tó fi lọ. Kò ya fọ́tò kankan rí. Ohun kan náà ni gbogbo ènìyàn ń sọ fún mi: "Bí o bá fẹ́ mọ ojú ìyá rẹ, wo Ìyá àgbà tó wà lóko. Àfi bí ẹni pé wọ́n là wọ́n sí méjì ni." Ìyá àgbà yìí ló bí ìyá mi. Nítorí náà, kò sí ohun tí mo fẹ́ tó fọ́tò rẹ̀, kí n lè máa wò ó nílé. Ṣùgbọ́n Ìyá àgbà kì í ya fọ́tò. Bí a bá ti dárúkọ onífọ́tò, á ní, "Ojú arúgbó wo lẹ fẹ́ gbé kọ́ ògiri? Ẹ lọ ya ewúrẹ́ mi, ó rẹwà jù mí lọ."

Nígbà tí mo ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama, mo parí Kùránì ní ilé kéwú, wọ́n sì ṣe wòlímọ̀ fún mi. Fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, ọjọ́ yẹn ni ọmọ tó parí Kùránì máa ń wọ aṣọ àrà, á gbé wàláà rẹ̀ dání, ìyẹn pátákó tí a fi ń kọ́ kéwú, á sì kà níwájú àwọn àáfà àti mọ̀lẹ́bí. Ìyá àgbà wá láti oko. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́, àwọn àáfà bá a bẹ̀ ẹ́, ó sì gbà láti ya fọ́tò nítorí ọjọ́ náà. Ó jókòó tì mí, ó ká ọwọ́ lé orúnkún, ó tẹjú mọ́ kámẹ́rà bí ẹni tí wọ́n ní kó má sá. Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, onífọ́tò náà wá sílé wa fúnra rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àdúgbò Challenge. Bí mo ti rí i tó ṣí fìlà lórí, mo mọ̀ pé kò mú fọ́tò wá.

"Àlàájì," ó wí fún bàbá mi, "fíìmù yẹn há sínú kámẹ́rà. Mo rò pé mo ti ká a tán, ni mo bá ṣí i. Ó ti jó."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, wàláì. Ẹ má bínú. N ó wá tún un yà."

Ẹ má jẹ́ kí èyí yà yín lẹ́nu. Nígbà yẹn, bí fíìmù bá jó, a máa ń tún nǹkan ṣe ni. Mo mọ ìyàwó kan tó tún wọ aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó sì tún fọwọ́ mú ọ̀bẹ níwájú àkàrà òyìnbó tí wọ́n lọ yá. Mo mọ ọmọ kan tí wọ́n tún sọ lórúkọ nítorí fọ́tò, ọmọ ọ̀hún sì ti ń dá jókòó! Èmi náà lè tún wọ aṣọ wòlímọ̀ mi. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tún bẹ Ìyá àgbà?

Ní ọjọ́ Sátidé kan, alùpùpù onífọ́tò gbé àwa mẹ́ta lọ sóko: òun níwájú, èmi àti wàláà mi láàrin, bàbá mi lẹ́yìn. A bá Ìyá àgbà lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń bó ẹ̀gúsí. Onífọ́tò dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìyá, ẹ forí jì mí. Fọ́tò yín ló jó."

Ìyá àgbà wo ara rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. "Èmi rèé o, ara mi tutù. Ta ló wá jó?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, onífọ́tò náà rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ìyá àgbà padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀. "Ọlọ́run ló ní kó jó. N kò yà á mọ́."

Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tó ṣe, Ìyá àgbà gbójú sókè. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ mọ̀ pé n kì í wo dígí? Láti ìgbà tí ọmọ mi ti lọ, bí mo bá wo dígí, òun ni mo ń rí. Ojú tí mo ń sá fún lẹ fẹ́ kí n jókòó kí wọ́n yà."

Bàbá mi yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èmi ni mo sọ̀rọ̀, n kò sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. "Ìyá àgbà, ẹ̀yin mọ ojú tí ẹ ń sá fún. Èmi kò rí i rí."

Ó wò mí. Lẹ́yìn náà, ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára ìró rẹ̀. "Jókòó," ó ní. "Gbé wàláà rẹ. Ṣùgbọ́n n kì í fi Kùránì ṣeré nítorí fọ́tò. Bí o bá máa gbé e dání, kà á."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ara onífọ́tò kò balẹ̀, nítorí pé ó ti ya fíìmù inú kámẹ́rà rẹ̀ níbòmíràn, ẹyọ àwòrán kan ṣoṣo ló kù lórí rẹ̀.

"Ìyá, ẹ wo ibí."

"Ṣé ìwọ lò ń ké Kùránì ni?"

"Ojú yín kò kọ sí kámẹ́rà, Ìyá! Fọ́tò náà kò ní dára."

"Yà á, kí o dákẹ́. Ọmọ ń kà."

Mo gbọ́ tí kámẹ́rà dún, mo sì ń kà lọ. Onífọ́tò mi orí. "Ó ti tán," ó ní. "Àdúrà ló kù."

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ fóònù tí ẹ sì ń rí ara yín lójú ẹsẹ̀ kò lè mọ irú ìdúró tí a dúró lẹ́yìn ìyẹn. Gbogbo ìrun tí mo kí ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run pé kí fíìmù yìí má jó.

Lọ́jọ́ tí bàbá mi mú fọ́tò náà dé láti Challenge, ó nà án sí mi. Orí mi tẹ̀ mọ́ wàláà. Ìyá àgbà kò wo kámẹ́rà rárá, èmi ló ń wò. Ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ bá mi ka èyí tó kàn. Mo ti rò pé imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá mi ni n ó wá nínú fọ́tò náà. N kò tilẹ̀ rántí wá wọn.

Bàbá mi ní, "Bí ìyá rẹ ṣe máa ń wò ọ́ nìyẹn."

Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ níwèé kó tó di pé mo fẹ̀yìn tì mú ògbólógbòó kámẹ́rà kan wá fi hàn mí. "Mà," ó ní, "ṣé fíìmù yóò ṣì wà, bí gbogbo nǹkan ti di ti fóònù yìí?" Mo sọ fún un pé níbi tí ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò wa wà ní Challenge, ìbòrí fóònù ni wọ́n ń tà báyìí. Fíìmù lè má kú pátápátá, nítorí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ yóò máa wá a kiri. Ṣùgbọ́n kò ní di ti gbogbo ayé mọ́, ó sì yẹ kí a gbà bẹ́ẹ̀. Mo tún kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe rò pé ohun gbogbo ló dára jù láyé àtijọ́. Bí fóònù bá ti wà nígbà ayé ìyá mi ni, n kì bá tí wá ojú rẹ̀ kiri.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín. Àwọn ọmọ mi ti fi fóònù yà mí láìmọye ìgbà: nídìí oúnjẹ, lójú ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, níbi tí mo ti ń gbé ọmọ ọmọ mi lọ́wọ́. Àwòrán wọn mọ́ ju ti Ìyá àgbà lọ, mo sì ń rẹ́rìn-ín nínú wọn. Mo jókòó lọ́jọ́ kan, mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú gbogbo wọn, fóònù ni mo ń wò.