Ìkéde Inú Bébà Àkàrà

Òórùn kẹrosíìnì ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ tí mo bá ronú nípa bí mo ṣe di òǹkọ̀wé. Òun la fi ń fọ tàdáwà kúrò lára lẹ́tà ní ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Òṣòdì, kò jìnnà sí Bọ́ládé, láyé ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń ya wọ ìlú, tí wọ́n ń la títì gbígbòòrò káàkiri. Lẹ́tà òjé ni, wẹ́wẹ́, oríṣi kọ̀ọ̀kan nínú ihò tirẹ̀. Èmi ni mo máa ń ṣà wọ́n, tí mo máa ń tò wọ́n lódìlódì títí wọ́n á fi di ọ̀rọ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo fi ọdún kan kún un ní ilé ìwé mọ́dà, bàbá mi kú, ó parí. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá ti to ọ̀rọ̀ ẹlòmíì fún ọdún mẹ́ta gbáko, ìwé ìsìnkú lónìí, ìwé ìgbéyàwó lọ́la, ìkéde ìjọba ìbílẹ̀ lọ́tùúnla, ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé òun náà lọ́rọ̀ sọ. Bó ṣe ṣe mí nìyẹn.

Ẹ̀rù ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tí wọ́n wá ka èèyàn, àwọn akọ̀wé kan wọ àdúgbò wa ní Mafoluku, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí gbogbo ilẹ̀kùn, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Mo máa ń wo nọ́ńbà ilẹ̀kùn mi tí mo bá ń jáde, àyà mi á sì já, mi ò mọ ìdí. Lẹ́yìn ìyẹn ni katapílà wá wó ilé kan ní Bọ́ládé nítorí títì. Ẹ̀wà ṣì wà lórí iná ní ẹ̀yìn ilé náà. Ọkùnrin tó ń wa katapílà ọ̀hún ń fa ọsàn mu. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó fa ọsàn rẹ̀ tán, ó ju èèpo rẹ̀ sílẹ̀, ògiri náà sì wó. Ọsàn yẹn ni kò kúrò lójú mi.

Mo wá ra ìwé àjákọ, mo ń kọ ìtàn Èkó kan tí kò tíì dé, Èkó ọjọ́ iwájú, níbi tí ẹ̀rọ kan wà lábẹ́ pápá ọkọ̀ òfurufú tó ń ka gbogbo èèyàn ìlú láràárọ̀. Ẹni tí ẹ̀rọ bá pe nọ́ńbà rẹ̀ á dìde, á máa lọ, ẹnikẹ́ni kò ní bèèrè ibi tó ń lọ. Mi ò mọ̀ pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ti wà níbì kan láyé. Mo rò pé èmi ni mo dá a sílẹ̀, inú mi sì ń dùn bí ẹni tó rí wúrà he.

Ìṣòro mi ni pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi burú. Tíṣà ló gbà mí. Ará Èkìtì ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó sì máa ń wá bá ọ̀gá wa ka ohun tí a bá tò, kó lè mú àṣìṣe inú rẹ̀. Yàrá òun àti ìyàwó rẹ̀ ni ìkẹta sí tèmi nínú ilé kan náà. Lọ́jọ́ tí mo gbé ìwé àjákọ mi fún un, ó sún un mọ́jú, ó sún un jìnnà.

"Ṣé adìyẹ lo bẹ̀ níṣẹ́ ni?" ó ní.

"Ẹ má bínú, sà."

Ó kà á títí oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ fi tutù. Nígbà tó gbójú sókè, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹ̀rù bà mí o, ọmọ mi," ó ní. "Jẹ́ kí n bá ẹ dà á kọ."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń lá àlá mi, tí Tíṣà ń fi ọwọ́ rẹ̀ tó gún régé dà á kọ sínú ìwé tuntun tí a ń tọ́jú sí dúrọ́ọ̀ kan ní ṣọ́ọ̀bù, àmì ohùn lórí gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ.

Wàyí o, ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìtàn náà, ìkéde ni. Ó wá ń wù mí láti rí i bó ṣe máa rí tí a bá tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá wa rin ìrìn àjò lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi nìkan ni mo wà nídìí ẹ̀rọ. A ní orí ìkéde kan tí a kì í tú ká, torí pé gbogbo ìgbà ni ìjọba ìbílẹ̀ ń gbé iṣẹ́ wá: ìlà dúdú yí i ká, lẹ́tà gàdàgbà ló wà lókè rẹ̀, ÌKÉDE FÚN GBOGBO ARÁ ÌLÚ. Okùn la fi ń so ó mọ́ra, a ó gbé e sí kọ́lọ́fín di ìgbà mìíràn. Kí n má baà fi àkókò ṣòfò, mo gbé e, mo to ọ̀rọ̀ tèmi sí abẹ́ rẹ̀:

"Gbogbo ilé tó wà láàárín ojú irin àti pápá ọkọ̀ òfurufú ni a ó kó kúrò ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Kí olúkúlùkù kọ nọ́ńbà ilé rẹ̀ sí ọrùn ọwọ́. Kí ẹni tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún má ṣe di ẹrù. Ibi tí wọ́n ń lọ, wọn kò ní nílò ẹrù."

Mo fẹ́ràn gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn gan-an. Mo kà á sókè fún ara mi lẹ́ẹ̀mẹta. Mo tẹ bébà mẹ́fà, mo mú èyí tó mọ́ jù, mo sọ márùn-ún yòókù sínú apẹ̀rẹ̀ bébà tó bàjẹ́. Kò sí òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé tí kò mọ ibi tí bébà apẹ̀rẹ̀ yẹn ń lọ. Ìyá alákàrà iwájú ṣọ́ọ̀bù wa ló máa ń wá kó o, á fi wé àkàrà fún àwọn tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́. Èmi náà mọ̀. Ọgbọ́n inú gbólóhùn mi ló jẹ́ kí n gbàgbé.

Ní ọjọ́ kẹta, nídìí ẹ̀rọ omi, obìnrin kan nínú ilé wa fà mí láṣọ. "Bùrọ̀dá ìtẹ̀wé, ẹ̀yin lẹ mọ̀. Ṣé ọjọ́ Àìkú náà ni àbí wọ́n ti sún un?"

Mo rò pé ìgbéyàwó ló ń bèèrè. "Ti ta ni?"

"Tiwa kẹ̀! Èwo ló tún kù?" Ó gbé ọwọ́ ọmọ rẹ̀ sókè. Nọ́ńbà ilé wa ni ó fi báírò kọ sí ọrùn ọwọ́ ọmọ náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn débi pé ara rẹ̀ ti pọ́n. "Ẹ bá mi wò ó. Ṣé wọ́n á lè kà á báyìí?"

Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ti lè sọ òtítọ́ tí mi ò sọ ọ́. Gbólóhùn kan péré ni: ìtàn ni, èmi ni mo ro ó. Mo ní, "Mi ò tíì gbọ́ o, mà," mo sì gbé omi mi.

Ọ̀nà ibi iṣẹ́ yẹn gùn lójú mi. Wọ́n ń ru mátírẹ́ẹ̀sì. Àwọn kan ti ń kó ọmọ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹbí ní Ìsọlọ̀. Níwájú ilé kan, bàbá arúgbó kan jókòó sórí àpótí, ó wọ aṣọ funfun, ó fá irùngbọ̀n. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń di ẹrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun ò di nǹkan kan. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó ń dúró. Ọ̀rọ̀ mi ló wọ̀ ọ́ lára bí aṣọ yẹn.

Kí n tó dé, ọkọ̀ ṣójà ti wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa. Ọ̀gá wa dúró láàárín wọn. Ṣójà kan ń fi bébà tí epo àkàrà ti ràn já nà án láyà. "Who write dis one?" ó ń pariwo. "I say who write am?" Wọ́n tú gbogbo dúrọ́ọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì rí ìwé ìtàn náà. Ọ̀gá wa wò ó, ó sì ké kó tó ronú: "Ọwọ́ Tíṣà nìyí!"

Tíṣà wà ní ìgun yàrá, ó ń ka ìwé ìsìnkú ẹnì kan. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó kó o sínú àpò.

"Ìtàn ni," ó ní. "Tèmi ni."

Ṣójà náà na ìka sí mi. "And dis one?"

"Èyí?" Tíṣà tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Lẹ́tà ló ń tò. Ẹ ní kó túmọ̀ ohun tó tò, kò lè túmọ̀ ẹ̀. Kò kàwé."

Ṣójà náà wá sún mọ́ mi. Òórùn òógùn rẹ̀ ń bò mí. "You sabi wetin dey inside?"

Mo ní, "No, sah."

Wọ́n mú Tíṣà lọ. Ọjọ́ mọ́kànlá ni. Ọjọ́ Àìkú dé, ó kọjá, ẹ̀rọ kankan kò kó ẹnikẹ́ni, àwọn èèyàn ru mátírẹ́ẹ̀sì wọn padà, wọ́n sì ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Ìyàwó Tíṣà nìkan ni kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ń gbé oúnjẹ lọ síbi tí wọ́n tì í mọ́ lójoojúmọ́. Láti ọjọ́ kejì ló ti wá kan ilẹ̀kùn mi: "Wá bá mi gbé abọ́." Mi ò lè kọ̀. Mo rò pé ó ti ń fura, pé ó ń fà mí lọ síbẹ̀ kí n lè jẹ́wọ́. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń to gbólóhùn náà sẹ́nu, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì: èmi ni, èmi ni. Tí a bá dé ẹnu géètì tí mo rí ìbọn, ọ̀rọ̀ náà á tú ká. A ti rí bí wọ́n ṣe ń yìnbọn pa èèyàn létí òkun lójú gbogbo èrò. Wọ́n á mú Tíṣà jáde sí ẹ̀yìn irin, á wo ìyàwó rẹ̀, á wo èmi náà, á mi orí díẹ̀, wọ́n á sì mú un wọlé. Mo máa ń sọ nínú ara mi pé, ó di ọ̀la.

Ọjọ́ kejìlá ni wọ́n fi í sílẹ̀. Ó rù, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì sọ ìdí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń sunkún.

"Dìde," ó ní. "Ṣé o ti kọ orí tó kàn?"

"Rárá, sà."

"Fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́. Tèmi ò dúró lójú kan mọ́."

Mo kọ́ bí a ṣe ń kọ̀wé kó ṣeé kà nígbà náà, pẹ̀lú ọjọ́ orí mi, bí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tíṣà á jókòó tì mí, á máa sọ ibi tí àmì ń lọ. Ìtàn náà yí padà lọ́wọ́ mi. Bàbá arúgbó kan wọ inú rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ pe nọ́ńbà ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fara pamọ́, bàbá yìí dìde, ó ní òun ni wọ́n ń pè. Tíṣà ka ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó kàn fi pẹ́ńsùlù sí àmì kan tí mo gbàgbé, ìlà rẹ̀ sì wọ́.

Ilé iṣẹ́ òǹtẹ̀wé méjì dá ìwé náà padà, ìkẹta ní Ìbàdàn ló gbà á. Tíṣà ti kú kó tó jáde. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ tó tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo gbé e tọ ìyàwó rẹ̀ lọ, mo kúnlẹ̀ bí obìnrin, mo sì sọ ohun tí mo ti ń tò sẹ́nu láti ọjọ́ yẹn: "Màmá, èmi ni mo kọ ìkéde yẹn. Èmi ló yẹ kí wọ́n mú."

Ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò dáwọ́ dúró. "Mo mọ̀," ó ní. "Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé oúnjẹ lọ ló ti sọ fún mi. Ó ní kí n máa mú ẹ dání wá, kí òun lè máa fojú ara òun rí i pé wọn ò tíì mú ẹ."

Àwọn tó ka ìwé náà máa ń kọ lẹ́tà sí mi. Wọ́n gba ẹ̀rọ abẹ́ ilẹ̀ yẹn gbọ́, wọ́n gba nọ́ńbà ọrùn ọwọ́ gbọ́, kò sí èyí tó ṣòro fún wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń bá mi jà lé lórí. Wọ́n ní ti bàbá arúgbó yẹn ti pọ̀ jù, pé èèyàn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ, pé ibo ni mo ti rò ó rí? Mo máa ń fèsì pé inú orí mi ni.

Irọ́ ni mo ń pa. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí láti sọ ọ́ ni. Yàrá kẹta sí tèmi ni bàbá yẹn àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé nígbà náà, ní Mafoluku.